Àwọ̀n Ẹ̀fọn tí Mo Rán Mọ́ Ojú Góòlù

Agboolé wa,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi, Sàídátù ọmọ mi,

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí tí mo sì fà á ya. Àkọ́kọ́ dà bí wáàsí. Èkejì dà bí ìwé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Nínú ẹ̀kẹta, ara mi ni mo ń yìn, ìyẹn ló sì burú jù. Bí èyí bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe fi fóònù ya á ránṣẹ́ sí ọ, torí bí mo bá pè ọ́, màá tún fi ẹ̀rín sá fún ọ̀rọ̀ ni. O mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí o pè wá, ariwo ayọ̀ rẹ dé ojúlé kejì. O ní, "Bàbá, wọ́n ti mú mi o! Èmi ni màá máa tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wa níbi ìdíje ńlá yẹn!" Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Iṣẹ́ tí o kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu ẹ̀, wọ́n ti fẹ́ gbé ọ lọ sí ibi tí gbogbo ayé yóò máa wò. Ìyá rẹ ló gba fóònù, tó bi ọ́ pé, "Oyún ńkọ́? Ṣebí ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ń gbé yín lọ? Wọ́n ní ẹ̀fọn pọ̀ níbẹ̀." Ìwọ náà dáhùn pé, "Màámi, ẹ̀fọn Bẹyẹrúnkà ti mu mí ní àmuyó. Àwọn tibẹ̀ yẹn, wọ́n kàn máa kí mi ni." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo tún ń pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Sọ fún un, ọmọ mi! Ọmọ Ìbàdàn ni ẹ́!"

Nígbà tí o gbé fóònù sílẹ̀, ìyá rẹ tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e sórí itan. Ó ní, "Ẹ tún rẹ́rìn-ín." Ó wọ ilé ìdáná.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní gbangba, kí o má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà. Oyún oṣù mẹ́ta tó wà nínú rẹ ni. Mo fẹ́ kí ọmọ yẹn wá sáyé, kó sì wá pẹ̀lú orí pípé. Gbogbo ohun yòókù tí màá sọ, ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọ nọ́ọ̀sì kan lọ ní Bẹẹrẹ, obìnrin tí mo máa ń rán aṣọ iṣẹ́ fún. O mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá ni bàbá rẹ kà, àbọ̀ ẹ̀ ló sì wọ̀ ọ́ lórí, nítorí náà mi ò ní ṣe bí ẹni tó mọ̀. Ohun tí obìnrin náà bá sọ ni mo ń kọ. Mo bi í pé ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀fọn kì í ṣe nǹkan kan fún ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn. Ó wò mí bíi pé mo fi sísọ́ọ̀sì gé òkúta. Ó ní, "Bàbá, agbára díẹ̀ tí ara ń ní sí ibà, bí èèyàn bá ti pẹ́ nílùú òtútù, ó ti ń ṣí lọ nìyẹn. Oyún á tún gba èyí tó kù." Ọdún mélòó lo ti lò nínú òtútù lọ́hùn-ún, Àbẹ̀kẹ́? Ó ń lọ sí méje. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Síkà, tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé kiri ní àwọn ilẹ̀ kan. Ó ní ìyá lè má mọ̀ rárá pé òun ní in, bóyá orí fífọ́ díẹ̀, bóyá ara yíyún, ṣùgbọ́n ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn. Ó ní, "Ṣé kò sí o, Bàbá?" Mo ní kò sí.

Nǹkan wà. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ báyìí. Bí o bá lè jókòó, jókòó.

Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ lóyún. Ó yẹ kí o rántí. Níbi tí àwọn aláboyún ti ń gba káàdì, wọ́n fún un ní àwọ̀n ẹ̀fọn kan, funfun báláú, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sùn síta rẹ̀. Lásìkò yẹn, wọ́n ti pín àwọ̀n kárí agboolé pẹ̀lú, àwa ọkùnrin sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá àgbà ojúlé kejì ní, "Èmi tí mi ò tíì kú, kí n máa sùn lábẹ́ aṣọ funfun? Kí wọ́n kúkú kírun sí mi lára." A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ pàápàá kò fẹ́ràn àwọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi aṣọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ dá etí rẹ̀ yí ká, kó má baà dà bí aṣọ òkú. Mo ṣe é fún un. Mo fara balẹ̀ rán an. Ó so ó mọ́ orí ibùsùn, ó ń sùn síbẹ̀. Èmi ń sùn sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, mo ní ooru ń mú mi.

Ní àkókò yẹn náà ni ìdíje bọ́ọ̀lù àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Òpó góòlù wà ní pápá wa, àwọ̀n kò sí. Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, á gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn òpó lọ sínú gọ́tà ìsàlẹ̀, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ pé ó wọlé, kò wọlé. Àwọn ọmọ Òkè-Àdó wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa, wọ́n bú wa: "Ẹ̀yin ará Bẹyẹrúnkà, ẹ ti bọ́ọ̀lù sí gọ́tà, ẹ ní góòlù ni! Ṣé gọ́tà ni aṣọ́lé yín ń ṣọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára. Lásísì tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní, "Télọ̀, ìwọ tí o ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún gbogbo ọmọ iléèwé Bẹẹrẹ, àwọ̀n òpó méjì ló wá le fún ọ?" Mo ní kí wọ́n wá aṣọ rẹ̀ wá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti kó àwọ̀n ẹ̀fọn jọ síwájú mi. Ọ̀pọ̀ ilé ló fi tayọ̀tayọ̀ gbé e sílẹ̀. Wọn kò kúkú tíì tú u nínú ọ̀rá. Mo rán, mo rán. Mo lọ́ ọ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin kó lè gba bọ́ọ̀lù dúró. Òpó kan parí. Ti èkejì ku ìbú àwọ̀n ẹyọ kan.

Ìyá rẹ ti lọ sí Kúdẹtì lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, mo wọ yàrá, mo tú àwọ̀n rẹ̀ lórí ibùsùn. Mo sọ fún ara mi pé bí ìdíje bá ti parí, màá dá a padà, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Òjò ni kò jẹ́. Pápá kún fún omi, wọ́n ń sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ síwájú, ọ̀sẹ̀ méjì di mẹ́fà. Òjò yẹn kan náà ló ń dá omi dúró nínú gọ́tà àti nínú agolo kiri agboolé, tí ẹ̀fọn ń pọ̀ sí i.

Nígbà tó dé, ó ní, "Bàbá Sàídátù, àwọ̀n mi dà?"

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́ ni. Kò tíì gbẹ."

Lọ́jọ́ kejì, ó tún bèèrè. Mo ní okùn fà á ya, mo ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti rán an. Ta ló máa já télọ̀ nírọ́ lórí aṣọ tó ya? Ní ìgbà kẹta, ó ní, "Ẹ bá mi yára rán an." Lẹ́yìn ìyẹn, kò bèèrè mọ́.

Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù mẹ́fà nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo ní oòrùn ni. Ó ń rìn jù, mo ní; láti Bẹyẹrúnkà dé Ọjà'ba lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ló fẹ́ kó ṣẹlẹ̀? Mo lọ ra oògùn ní kẹ́mísì, ẹni tó tà á fún mi kò tilẹ̀ béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ lò ó lóyún. Lọ́jọ́ àṣekágbá, ó di ọwọ́ aṣọ mi mú. Ó ní, "Ẹ má lọ. Ara mi ò dá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí hòsípítù." Mo ní, "Aago mẹ́fà ni bọ́ọ̀lù máa tán. Tí mo bá dé, a ó lọ." Mo fà ọ́ lọ́wọ́, a jáde.

O rántí ọjọ́ yẹn àbí o kò rántí? Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí, tí ń dà mí láàmú. Àwa la jẹ góòlù àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù lọ sínú àwọ̀n, ó dúró síbẹ̀ bí ẹja. Àwọn èèyàn kò pe orúkọ ẹni tó gbá a, èmi ni wọ́n ń pè: "Télọ̀! Télọ̀!" Lásísì gbé mi sókè. Ìwọ dúró lẹ́bàá òpó, o nàka sí etí àwọ̀n náà, o ní, "Bàbá, búlúù Màámi nìyẹn."

Mo ní, "Pa ẹnu ẹ mọ́."

O pa á mọ́. Títí di òní, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ mọ́.

Nígbà tí a délé, àwọn aládùúgbò ti gbé ìyá rẹ lọ sí hòsípítù. Ìbí náà dé kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ọkùnrin ni. Kò pé ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn èèyàn wá kí mi, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo ṣe àmín. Mo fi ọwọ́ Ọlọ́run bo ọwọ́ ara mi mọ́lẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé e kiri.

Mo bi nọ́ọ̀sì yẹn pé bí àwọ̀n bá wà níbẹ̀, ṣé ọmọ ìbá yè? Mi ò sọ pé ọmọ mi ni. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ẹ̀fọn lè jẹ aláboyún níta kó tó wọ abẹ́ àwọ̀n. Ó ní ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń fún aláboyún ni pé ó ń gba ẹ̀mí là. Mo gbìyànjú láti fi àbọ̀ àkọ́kọ́ tu ara mi nínú. Àbọ̀ kejì kò jẹ́.

Wàyí o, ìmọ̀ràn. Mo mọ̀ pé ẹnu mi kò mọ́ tó láti gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú sínú kòtò ló mọ ibi tí kòtò wà.

Èkíní, kí o tó di ẹrù kankan, lọ bá dókítà. Ohun méjì ni kí o kọ́kọ́ sọ kó tó bi ọ́: orúkọ ìlú tí ẹ ń lọ, àti pé o lóyún. Bí Síkà bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kí o má lọ, má lọ. Mo mọ ohun tí mo ń sọ yìí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tuntun ni, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi bọ́ọ̀lù sí ọ lára, èmi tí mo ń gbé ọ sọ́rùn lọ sí pápá. Sọ fún ọ̀gá rẹ. Bí ó bá bínú, kó bínú. Bọ́ọ̀lù á padà wá. Mi ò rí èyí tí kì í padà wá rí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n bá sì fẹ́ gún fún gbogbo ẹgbẹ́ yín, irú ti ibà pọ́njú, má na apá o, àyàfi tí dókítà tó mọ̀ pé o lóyún bá fọwọ́ sí i. Bákan náà ni oògùn tí wọ́n ń lò kí ibà má baà mú èèyàn: bi í léèrè èyí tó bá oyún mu. Má bá ẹlòmíràn pín tirẹ̀.

Èkejì, bí dókítà bá ní o lè lọ, má ṣe fi ọmọ Ìbàdàn yangàn fún ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn kì í bèèrè ilé baba ẹni. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Èyí tí ń gbé ibà kiri, láti ìrọ̀lẹ́ ló ti ń jáde, àwa mọ ìyẹn. Èyí tí ń gbé Síkà àti ibà tí wọ́n ń pè ní dẹ́ńgè, ọ̀sán gangan ló ń jẹni, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí abilà dúdú àti funfun. Nígbà tí ẹ bá wà ní pápá, tí o tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù, tí ọwọ́ rẹ méjèèjì dí, ìgbà yẹn gan-an ni yóò wá.

Jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi, ibẹ̀ nìkan ni mi ò ti ṣiyèméjì. Àwọn ṣòkòtò ìnàra tí ẹ̀yin eléré ìdárayá ń wọ̀, tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí awọ, kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀fọn. Abẹ́rẹ́ lẹnu ẹ̀fọn. Aṣọ tó bá fẹ́lẹ́, tó sì fún mọ́ ara, á gún un kọjá bí mo ṣe ń gún àǹkárá. Èyí tó gùn, tó tú sílẹ̀ díẹ̀ lára, tí òwú rẹ̀ sún mọ́ra, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ni kí o wọ̀. Apá gígùn. Ìbọ̀sẹ̀. Bí ọkọ rẹ bá lè fi òṣùwọ̀n rẹ ránṣẹ́, pẹ̀lú ikùn tó ń bọ̀, màá rán mẹ́ta.

Ìpara tí ń lé ẹ̀fọn náà wà. Nọ́ọ̀sì ní kí o bèèrè èyí tí aláboyún lè lò, kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, torí òógùn á máa fọ̀ ọ́ dànù, o sì ní láti tún un pa. Bí o bá fẹ́ pa ìpara tí kì í jẹ́ kí oòrùn sun ara, òun ni àkọ́kọ́, ti ẹ̀fọn á wá gùn ún lórí. Yàrá tí wọ́n bá fún ọ, wo fèrèsé rẹ̀ kí o tó wo ibùsùn. Bí kò bá ní àwọ̀n tó dáa tàbí ẹ̀rọ amúlétutù tí ó jẹ́ kí o lè tì í pa, bèèrè àwọ̀n ibùsùn, kí o sì tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u fún ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ìyá rẹ sọ, ó ní èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ni kí n parí rẹ̀. Síkà lè gba ara ọkọ dé ara aya. Bí ọkọ rẹ bá bá ọ lọ wo bọ́ọ̀lù, tàbí tó bá lọ tí ìwọ kò lọ, ẹ jọ bi dókítà bí ẹ ó ṣe máa ṣe. Ó tó. Ojú ń tì mí.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fi ìyà mọ̀. Bí ara rẹ bá gbóná níbẹ̀, tàbí lẹ́yìn tí o padà, ì báà ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má sọ pé oòrùn ni. Má sọ pé ìrìn àjò ni. Má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò bi ọ́ ní ìbéèrè. Àwọn oògùn ara ríro kan wà tó léwu bó bá jẹ́ pé dẹ́ńgè ni. Lọ sí hòsípítù lọ́jọ́ náà, kí o sì sọ ibi tí o ti ń bọ̀. Má dúró de aago mẹ́fà.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn dé etí pápá. Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọmọ yẹn, mo gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Wọn ò tíì tú u."

Mo ní, "O mọ̀ láti ọjọ́ yìí? Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Ó ní, "Mo ń dúró dè yín."

Ó ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ sọ fún Sàídátù. Ó ti rò pé ẹ̀fọn kì í pa ará ilé wa."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò mọ̀ bóyá o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ìwọ náà ti ń dúró dè mí. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀ ọ́ níbí, kó má baà dà bíi pé ọ̀yà ìmọ̀ràn ni mò ń gbà. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí inú rẹ kò bá gba ohùn mi lẹ́yìn tí o ka èyí tán, má pè mí, bó bá di oṣù, bó bá di ọdún. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bá dókítà ní òwúrọ̀ ọ̀la. Gbọ́ ohun tó bá wí. Tí o bá ti délé, kí o wá bínú sí mi bó ṣe tọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.